Ẹgbẹ́ amòòkùn wo ló bá ẹni tó ń gbé lókè òkun mu? Ìfiwéra ọ̀nà márùn-ún

Ẹni tó bá kó lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, tó sì fẹ́ràn láti máa gbé sìlíńdà afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn wọ ìsàlẹ̀ omi, yóò tètè rí i pé omi kọ́ ni ìṣòro. Omi wà káàkiri: òkun ni, adágún ni, kòtò tí wọ́n ti wa òkúta nígbà kan tí omi ti wá kún ni. Ohun tó ṣòroó rí ni ẹni tí ẹ ó jọ wọ̀ ọ́. Wọ́n kì í sábà kọ́ amòòkùn pé kó máa dá lọ sísàlẹ̀ omi, àlejò sì lẹ jẹ́ níbi tí ẹ wà, ẹ ò tíì mọ ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé àwọn ènìyàn inú ẹgbẹ́ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ẹ tó béèrè iye owó, kí ẹ sì tó wo bí ọkọ̀ ojú omi wọn ṣe dára tó.

Ọ̀nà márùn-ún ló sábà máa ń wà níwájú àlejò. Àkọ́kọ́ ni ẹgbẹ́ ìbílẹ̀ tí àwọn ọmọ ìlú náà dá sílẹ̀ fúnra wọn. Ìkejì ni ẹgbẹ́ àwọn àjèjì tó ń sọ èdè tí ẹ gbọ́. Ìkẹta ni ilé-iṣẹ́ tó ń fi ìmòòkùn ṣòwò. Ìkẹrin ni ẹgbẹ́ yunifásítì tàbí ti ibi iṣẹ́. Ìkarùn-ún ni kí ènìyàn má wọ ẹgbẹ́ kankan, kó máa mòòkùn nígbà ìsinmi nìkan.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí ẹ tó kọ ìwé sí ẹgbẹ́ kankan, ẹ dáhùn ìbéèrè kan fún ara yín: báwo lẹ ó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀? Ìbéèrè yìí ló ń ya ọ̀nà márààrún sọ́tọ̀ ju owó lọ. Ẹni tí iṣẹ́ gbé wá fún oṣù mẹ́fà kò lè jàǹfààní ẹgbẹ́ tó ń fi gbogbo ìgbà òtútù kọ́ni nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kó tó mú akẹ́kọ̀ọ́ dé òkun. Ẹni tí yóò lo ọdún mẹ́ta, ní tirẹ̀, yóò ná ìnáàpà bó bá ń sanwó fún ilé-iṣẹ́ oníṣòwò ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni èdè. Ọ̀pọ̀ rò pé èdè kò já mọ́ nǹkan nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí pé ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi. Òótọ́ ni pé àmì ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra káàkiri ayé. Bí a bá fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ṣe òrùka, a ń sọ pé kò séwu. Bí àtàǹpàkò bá nà sókè, a ń sọ pé ká máa gòkè. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, nǹkan kan ò lọ déédéé. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó gba etí jù ti ń wáyé, kí ẹnikẹ́ni tó fẹsẹ̀ kan omi: ibo la ó dé, mítà mélòó la ó lọ, afẹ́fẹ́ mélòó ló gbọ́dọ̀ kù kí a tó yí padà, ta ni yóò ṣíwájú, kí la ó ṣe bí a bá sọ ara wa nù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ fi ń kọ́ni ni pé kí ẹni tí kò rí ẹnìkejì rẹ̀ mọ́ wá a fún ìṣẹ́jú kan péré, kó sì rọra gòkè. Bí ẹgbẹ́ yín bá fẹnu kò lé ohun mìíràn lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, tí èdè ò jẹ́ kí ẹ gbọ́, ẹ ó ti wà lójú omi nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń wá yín nísàlẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe béèrè bóyá èdè yín tó fún ìbánisọ̀rọ̀ lọ́jà. Ẹ béèrè bóyá ó tó fún ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń yára sọ lórí ọkọ̀ tó ń mì, pẹ̀lú atẹ́gùn létí.

Káàdì ẹ̀rí ẹ̀kọ́ tí ẹ ó mú kúrò níbẹ̀ náà ṣe kókó, pàápàá fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ ọ. Àjọ tó ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ ìmòòkùn pọ̀: PADI tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1966, SSI tó dé ní 1970, BSAC ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti wà láti 1953, FFESSM ní Faransé, VDST ní Jámánì, àti CMAS tí àwọn àjọ orílẹ̀-èdè kóra jọ dá sílẹ̀ ní Monaco ní 1959, tí Jacques-Yves Cousteau jẹ́ ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Káàdì ìpele ìbẹ̀rẹ̀ wọn kò fúnni lágbára kan náà. Ẹni tó ní Open Water Diver ti PADI lè dé mítà 18 pẹ̀lú ẹnìkejì tó ní irú káàdì bẹ́ẹ̀, láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ocean Diver ti BSAC dé mítà 20. Niveau 1 ti Faransé náà dé mítà 20, àmọ́ olùdarí gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú yín. Ó dìgbà tí ẹ bá gba Niveau 2 kí ẹ tó lè lọ sí mítà 20 láìsí olùdarí, tàbí mítà 40 pẹ̀lú olùdarí. Bó ti wù kí ẹ̀kọ́ Niveau 1 dára tó, ẹni tó gbà á tó sì kó lọ sí ilẹ̀ mìíràn lè dé etí òkun kí wọ́n ní kó san owó amọ̀nà kó tó wọ omi. Ẹ bi ẹgbẹ́ bóyá káàdì wọn bá ISO 24801-2 mu, ìyẹn ìlànà àgbáyé fún amòòkùn tó lè dá dúró pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀. Ìdáhùn kan yìí yóò gbà yín lọ́wọ́ àríyànjiyàn gígùn níbi tí ẹ bá tún kó lọ.

Ní ti owó, ẹ má ṣe fi owó ọdún ẹgbẹ́ kan wé owó ẹ̀kọ́ ilé-iṣẹ́ kan lásán. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ: owó ìwọlé, owó ọdún, owó ìwé-àṣẹ àjọ orílẹ̀-èdè, owó adágún ìlúwẹ̀ẹ́, owó afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà, epo ọkọ̀, yíyá tàbí ríra ẹrù, àti owó dókítà níbi tí wọ́n bá ti ń béèrè ìwé ìlera. Kí ẹ wá fi àkókò yín kún un. Ní ẹgbẹ́, ẹ̀yin lẹ ó gbé sìlíńdà, ẹ ó bá wọn ti ọkọ̀ wọ omi, ẹ ó sì bá wọn fọ̀ ọ́ nírọ̀lẹ́. Ní ilé-iṣẹ́, ẹlòmíràn ló ń ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ sì ti sanwó rẹ̀.

Èyí tó kù ni ìgbẹ́kẹ̀lé, èmi ò sì kà á sí ohun tí a lè fi owó dúnàádúrà. Ṣé wọ́n ní àpótí ọ́síjìn níbi tí wọ́n ti ń mòòkùn, tàbí ní ọ́fíìsì tó jìnnà síbẹ̀? Ta ni wọ́n dárúkọ pé ó ń darí ọjọ́ náà? Ìgbà wo ni wọ́n yẹ afẹ́fẹ́ tó ń jáde nínú ẹ̀rọ ìrọfẹ́fẹ́ wọn wò gbẹ̀yìn? Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ni nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí wọn rí, tí wọ́n ní kò sóhun tó ṣẹlẹ̀ rí, ẹ ṣọ́ra. BSAC máa ń tẹ ìròyìn àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ ọdọọdún jáde fún gbogbo ayé kà, bẹ́ẹ̀ ni àjọ tó fẹ́ kí ènìyàn kọ́gbọ́n ṣe ń ṣe. Ẹgbẹ́ tó bá lè sọ ohun tó ṣìṣe fún wọn, àti ohun tí wọ́n yí padà lẹ́yìn rẹ̀, ni mo máa ń fọkàn tán.

Ẹgbẹ́ ìbílẹ̀

Ẹgbẹ́ irú èyí kì í ṣe fún èrè. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ ń kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́ ni, wọ́n sì ní iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń jẹun nínú rẹ̀. Ẹ ó bá wọn nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Ní òpin ọ̀sẹ̀ tí ojú ọjọ́ bá dára, wọ́n á lọ sí adágún tàbí òkun. Ẹ̀kọ́ wọn lè gba oṣù púpọ̀, nígbà tí ilé-iṣẹ́ oníṣòwò lè parí ìpele ìbẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Ìfalẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ ń rojọ́ rẹ̀, àmọ́ èmi rí àǹfààní ńlá nínú rẹ̀ fún àlejò. Bí ẹ bá ti bá ènìyàn kan náà wọ adágún lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ẹ ó mọ bó ṣe ń mí, ẹ ó mọ bí ojú rẹ̀ ṣe ń rí nígbà tí ara ò bá rọ̀ ọ́, òun náà á sì mọ tiyín. Kò sí káàdì tó lè rọ́pò ìyẹn. Yàtọ̀ sí èyí, omi ilẹ̀ náà lè yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí ẹ ti mọ̀. Omi ń fa ooru kúrò lára ní ìlọ́po 20 sí 25 bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣe é, nítorí náà ẹni tó kọ́ ìmòòkùn nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó wá bá ara rẹ̀ nínú adágún tútù tí ojú ò ti ríran kọjá mítà mẹ́ta, akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ló padà jẹ́. Yóò nílò aṣọ tí omi kì í wọ̀, yóò gbé òjé tí a fi ń rì sínú omi, tó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, yóò sì kọ́ bí a ṣe ń ka ìgbà tí òkun ń kún àti ìgbà tó ń fà. Àwọn ọmọ ìlú tó ti ń wọ omi yẹn láti ọdún pípẹ́ ló mọ gbogbo èyí, inú ẹgbẹ́ ìbílẹ̀ ni wọ́n sì wà.

Bí ẹ bá ti ní káàdì láti ibòmíràn, kì í ṣe pé ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè délẹ̀. Àwọn ẹ̀ka BSAC mọ bí wọ́n ṣe ń gba ẹni tó ní káàdì PADI wọlé kó lè bá ẹ̀kọ́ Sports Diver wọn lọ, èyí tó ń gbé ènìyàn dé mítà 35. Ní Faransé, ẹni tó ń darí ọjọ́ náà ni yóò wò yín nínú omi, yóò sì sọ mítà tí ẹ lè dé. Òfin ilẹ̀ wọn ló fún un lágbára yẹn, kì í ṣe pé ó fẹ́ fi ojú tẹ́ńbẹ́lú káàdì yín. Wọ́n á béèrè ìwé dókítà lọ́wọ́ yín pẹ̀lú. Ẹ má bá wọn jà.

Ibi tó ti ń dunni náà wà. Ìpàdé, ímeèlì àti ẹ̀fẹ̀ ẹgbẹ́ máa ń jẹ́ ní èdè ilẹ̀ náà, àwọn ọ̀rẹ́ tó ti mọ ara wọn tipẹ́ a sì máa dì mọ́ ara wọn láìmọ̀. Ìwé orúkọ lè má ṣí nígbà tí ẹ dé. Ní Faransé, oṣù kẹsàn-án ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, ẹni tó bá dé ní oṣù kejì á sì dúró. Owó ọdún kì í sábà padà bí iṣẹ́ bá gbé yín lọ ní àárín ọdún. Ẹ̀wẹ̀, ìgbẹ́kẹ̀lé ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ jù. Bí wọ́n bá rẹ̀, ọkọ̀ á máa jókòó sórí ilẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n wọ òkun lọ́dún tó kọjá, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ wá wo alẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kan kí ẹ tó sanwó. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ á gbà. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má wo ohun èlò. Ẹ wo bóyá ẹnìkan wá bá yín sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n rán an.

Ẹgbẹ́ àwọn àjèjì

Ní ìlú tí àlejò pọ̀ sí, ẹgbẹ́ tó ń lo Gẹ̀ẹ́sì tàbí èdè mìíràn tó yàtọ̀ sí ti onílẹ̀ kì í ṣọ̀wọ́n. BSAC fúnra rẹ̀ ní ẹ̀ka lẹ́yìn odi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àǹfààní rẹ̀ hàn kedere: ẹ ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kí ẹ tó wọ omi, àwọn tí ẹ bá níbẹ̀ mọ bí àlejò ṣe ń rí, wọ́n sì ti mọ ilé ìfowópamọ́ àti dókítà tó ń kọ ìwé ìlera láìfi ọjọ́ falẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ẹ ti di ọmọ ilé.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé gbogbo wọn ló ń lọ. Omi tuntun á rú, ẹja tuntun á wọ̀ ọ́: olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n jù á gba ìgbéga, á kó lọ sí ilẹ̀ mìíràn, akápò á tẹ̀lé e lọ́dún tó ń bọ̀, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ọkọ̀ ṣe á lọ ní tirẹ̀. Ẹgbẹ́ tó dára púpọ̀ lónìí lè ṣófo lẹ́yìn ọdún kan ààbọ̀. Ẹ béèrè pé àwọn olùkọ́ wọn mélòó ló ti wà níbẹ̀ ju ọdún méjì lọ, àti bóyá ọmọ ìlú náà kankan wà láàárín wọn. Ọmọ onílẹ̀ kan ṣoṣo nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ níye lórí gan-an, torí òun ló mọ ibi tí omi ti ń wọ́ ènìyàn lọ, òun náà ló sì mọ nọ́ńbà tí a ń pè nígbà ewu àti bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá gbé e.

Iye owó wọn sábà máa ń sún mọ́ ti ẹgbẹ́ ìbílẹ̀, bí kò bá jẹ́ pé wọ́n ń yá ọkọ̀ dípò kí wọ́n ní tiwọn.

Ilé-iṣẹ́ oníṣòwò

Ohun tí ilé-iṣẹ́ ń tà ni ìrọ̀rùn, ó sì ń tà á dáadáa. Ẹ pè é lónìí, ẹ wọ omi lọ́la. Ẹrù wà nílẹ̀, ọkọ̀ ń lọ bí ojú ọjọ́ bá gbà, olùkọ́ tó ń gba owó oṣù kò lè sọ pé ó ti rẹ òun. Ní ìlànà PADI, olùkọ́ kan kò gbọ́dọ̀ mú ju akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ lọ nínú omi gbalasa fún ìpele ìbẹ̀rẹ̀; ilé-iṣẹ́ tó dára kì í sábà mú tó iye yẹn. Ìwé ẹ̀kọ́ wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní oríṣiríṣi èdè, nítorí náà ẹ lè ka ti èdè tí ẹ gbọ́ nílé, kí ẹ wá ṣe ti inú omi pẹ̀lú olùkọ́. Fún ìdílé tó ní ọmọ kékeré, ọ̀nà yìí ló sábà máa ń rọrùn jù: PADI ń gba ọmọ ọdún 10, pẹ̀lú ààlà mítà 12 fún ọmọ ọdún 10 sí 11.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn tún ní ohun tí wọ́n ń pè ní ẹgbẹ́. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Nígbà mìíràn ẹgbẹ́ tòótọ́ ni, tí àwọn ènìyàn kan náà ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà mìíràn káàdì ẹ̀dínwó ni, tí wọ́n fi ń pè yín wá ra aṣọ tuntun. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni pé kí ẹ béèrè ohun tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń ṣe ní oṣù tí òtútù mú jù. Bí ìdáhùn bá jẹ́ ìrìn-àjò sí ilẹ̀ olóoru nìkan, ọjà ni.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti kù díẹ̀ káàtó ni ọ̀rọ̀ ẹnìkejì. Ẹni tí wọ́n bá so mọ́ yín lórí ọkọ̀ lè jẹ́ ẹni tí kò wọ omi láti ọdún mẹ́ta, ẹ ò sì ní mọ̀ títí ẹ ó fi dé mítà 15. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè, kí ẹ sì kọ̀ bí ara yín ò bá gbà á. Ohun mìíràn tí mo fi ń kìlọ̀ fún ènìyàn ni owó àsansílẹ̀ fún ọdún gbáko: ilé-iṣẹ́ kékeré lè kógbá sílé, àlejò ló sì máa ń gbọ́ gbẹ̀yìn.

Ẹgbẹ́ yunifásítì àti ti ibi iṣẹ́

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Bí ẹ bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí yunifásítì yín sì ní ẹgbẹ́ amòòkùn, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, nítorí ẹrù wà láti yá, adágún wọn wà nítòsí, owó rẹ̀ sì sábà máa ń kéré ju ti ibikíbi lọ. Àléébù méjì ló ní. Ó ń ti ilẹ̀kùn nígbà ìsinmi gígùn, tó jẹ́ ìgbà tí omi dára jù. Àwọn tó ń darí rẹ̀ náà jẹ́ ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pààrọ̀ lọ́dọọdún. Nítorí náà ẹ wá àgbà kan tó dúró tì wọ́n. Ti ibi iṣẹ́ jọ bẹ́ẹ̀, àyàfi pé bí iṣẹ́ bá bọ́, ẹgbẹ́ náà bọ́.

Kí ènìyàn má wọ ẹgbẹ́ rárá

Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ẹlòmíràn kò fẹ́ omi tútù, iṣẹ́ rẹ̀ ò sì fún un ní òpin ọ̀sẹ̀. Kó máa dúró de ìsinmi, kó lọ síbi tí omi ti mọ́, kó sanwó, kó gbádùn ara rẹ̀. Owó tó ń ná lọ́dún lè kéré ju ti ẹgbẹ́ lọ bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń lọ.

Àmọ́ ọwọ́ máa ń gbàgbé. Ẹni tí kò wọ omi fún ọdún kan á rí i pé yíyọ omi kúrò nínú gíláàsì ojú, tó rọrùn tẹ́lẹ̀, ti di nǹkan tó ń já a láyà. Kó sanwó fún àtúnkọ́ ọjọ́ kan nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ tó ń gbé kó tó rìnrìn-àjò. Ó sàn ju kó fi ọjọ́ àkọ́kọ́ ìsinmi ṣe é lọ. Kó sì fi sọ́kàn pé amọ̀nà ibi ìsinmi kò mọ̀ ọ́n rí, káàdì rẹ̀ nìkan ló rí.

Ẹrù, inṣọ́ránsì àti ọkọ̀ òfuurufú

Ọ̀nà yòówù tí ẹ bá yàn, nǹkan díẹ̀ wà tó kan àlejò ju onílẹ̀ lọ. Rẹ́gúlétọ̀, ìyẹn ohun tí a fi ń mí afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà, tí ẹ kó wá lè má wọ sìlíńdà tí ẹ bá níbẹ̀. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀: èyí tó ń de mọ́ ẹnu sìlíńdà láti ìta, tó wọ́pọ̀ níbi ìsinmi olóoru, àti èyí tí a ń yí wọnú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní DIN, tó pọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ Yúróòpù. Ohun kékeré kan wà tí a fi ń so wọ́n pọ̀; ẹ rà á kí ẹ tó nílò rẹ̀. Sìlíńdà fúnra rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ níbi tí ẹ ti ń bọ̀. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní òǹtẹ̀ tó ń gbà, ilé-iṣẹ́ tó ń rọ afẹ́fẹ́ sì lè kọ̀ ọ́ bí òǹtẹ̀ náà kò bá jẹ́ tiwọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 5 ni wọ́n ń fi omi dán agbára rẹ̀ wò, ọdún 2 ààbọ̀ sì ni wọ́n ń yẹ inú rẹ̀ wò. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 5 ni ti omi, àmọ́ ọdọọdún ni wọ́n ń yẹ inú rẹ̀ wò.

Ní ti inṣọ́ránsì, ohun méjì ni ènìyàn ń dà pọ̀. Èyí tó wà nínú owó ọmọ ẹgbẹ́ BSAC tàbí ìwé-àṣẹ FFESSM ń bo ohun tí ẹ bá ṣe fún ẹlòmíràn. Kì í ṣe òun ló máa sanwó ilé ìwòsàn yín. Bí náítírójìn tó kóra jọ sínú ara yín lábẹ́ omi bá mú yín lẹ́yìn tí ẹ gòkè, ìtọ́jú rẹ̀ ni yàrá onírin tí wọ́n ti ń fi ọ́síjìn àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ afẹ́fẹ́ wò yín, owó rẹ̀ sì lè ga gan-an. Inṣọ́ránsì ìrìn-àjò lásán lè má bo ìmòòkùn, tàbí kó fi ààlà mítà sí i. DAN, àjọ ààbò amòòkùn tó bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà ní 1980, àti ẹ̀ka rẹ̀ ní Yúróòpù, ń ta èyí tó bo amòòkùn ní pàtó. Ẹ ka ibi tí wọ́n kọ orílẹ̀-èdè ibùgbé yín sí, torí inṣọ́ránsì tí ẹ rà kí ẹ tó kó lọ lè dẹ́kun láti máa ṣiṣẹ́ bí ẹ bá ti di ará ibòmíràn.

Ọkọ̀ òfuurufú ń kọ́? Àlejò máa ń wọ̀ ọ́ ju onílẹ̀ lọ, ẹgbẹ́ sì máa ń mòòkùn ní ọjọ́ Àìkú. Ohun tí DAN gbà níyànjú ni pé, lẹ́yìn ìmòòkùn kan ṣoṣo tí kò ní ìdádúró tó pọn dandan nígbà ìgòkè kí náítírójìn lè kúrò lára, kí ènìyàn dúró ó kéré tán fún wákàtí 12 kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Lẹ́yìn ìmòòkùn púpọ̀ lọ́jọ́ kan tàbí ní ọjọ́ tó tẹ̀léra, wákàtí 18. Bí ìdádúró bá wà nínú rẹ̀, kó ju 18 lọ dáadáa. Ẹni tó ní tíkẹ́ẹ̀tì àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó sàn kó má wọ omi ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Ta ló yẹ kó yan èwo

Bí ẹ ó bá lo ọdún kan ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí ẹ sì gbọ́ èdè ilẹ̀ náà tó láti tẹ̀lé àlàyé lórí ọkọ̀, ẹgbẹ́ ìbílẹ̀ ni, mi ò sì ní yí i padà nítorí ọkọ̀ tó ti gbó tàbí adágún tó jìnnà. Bí èdè ò bá tíì tó, tí ẹ sì ń kọ́ ọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn àjèjì, kí ẹ máa bá ti ìbílẹ̀ wọ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ bí wọ́n bá gba àlejò. Ẹgbẹ́ méjì kì í ṣe èèwọ̀.

Ẹni tí yóò kúrò láàárín ọdún kan, tí kò tíì ní káàdì: ilé-iṣẹ́ oníṣòwò, kó gba káàdì tó bá ISO 24801-2 mu, kó sì máa sanwó bó ṣe ń wọ omi, láìsan ti ọdún sílẹ̀. Ẹni tó ti ní káàdì tí kò sì ní pẹ́: ẹgbẹ́ àwọn àjèjì bó bá wà, ilé-iṣẹ́ bí kò bá sí.

Akẹ́kọ̀ọ́: ti yunifásítì, àti ilé-iṣẹ́ fún oṣù ìsinmi. Òbí tó fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ dání: ilé-iṣẹ́ ní ọdún àkọ́kọ́, àyàfi bí ẹgbẹ́ ìbílẹ̀ bá ní ẹ̀kọ́ ọmọdé tí ẹ ti fi ojú ara yín rí.

Ẹni tí kò fẹ́ òtútù, tí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tó o, kó má wọ ẹgbẹ́ kankan. Owó tí ì bá san ní ẹgbẹ́, kó fi ra inṣọ́ránsì tó péye àti àtúnkọ́ ọjọ́ kan ṣáájú ìsinmi kọ̀ọ̀kan, kó sì fi ìyókù ra gíláàsì ojú tó bá ojú rẹ̀ mu dípò èyí tí wọ́n ń yá káàkiri.